Ààyè Tí Bàbá Máa Ń Fi Sílẹ̀ Nínú Aṣọ

Ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti wó nígbà tí wọ́n ń fẹ títì lójú tún dúró síbi tó wà tẹ́lẹ̀, àmọ́ kò sí títì níwájú rẹ̀ mọ́. Omi ni. Omi náà mọ́ lóló, kò ṣàn, ó kan dé ẹnu ọ̀nà ni, kò wọlé. Ìbídùn dúró lórí rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ ò sì tutù. Ó mọ̀ pé àlá ni, torí pé bàbá rẹ̀ ló jókòó nídìí máṣíìnì nínú ṣọ́ọ̀bù náà, òjò èṣí ni wọ́n sì ti sin Bàbá Télọ̀, bí gbogbo àdúgbò ṣe ń pè é, ní Ìkìrun. Máṣíìnì ń lọ, kò pariwo rárá.

"Àyọ̀ká," ni bàbá wí. Òun nìkan ló máa ń fi oríkì pè é. "O pẹ́ kó o tó dé."

"Ẹ kú iṣẹ́, Bàbá." Ìbídùn kúnlẹ̀, omi náà sì gbà á dúró.

Ẹ jẹ́ n tètè sọ ohun tó wà nílẹ̀. Ọmọ yìí ti sá fún oúnjẹ tipẹ́. Kì í ṣe pé kò sí oúnjẹ nílé o. Ẹ̀rù oúnjẹ ló ń bà á, ẹ̀rù ara tirẹ̀ sì ń bà á pẹ̀lú. Tí ìyá rẹ̀ bá gbé àwo kalẹ̀, á ní òun ń gbààwẹ̀. Ta ló máa sọ fún ẹni tó ń gbààwẹ̀ pé kó jẹun? Díákónì ni Mọ́mì. Inú rẹ̀ dùn débi tó fi dìde jẹ́rìí níwájú ìjọ pé Ọlọ́run ti fi ẹ̀mí àdúrà ta ọmọ òun lọ́rẹ. Bí irọ́ bá lọ fógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa bá a. Ìbídùn dákú níbi iṣẹ́, wọ́n gbé e lọ sọ́sípítù. Dókítà obìnrin kan fara balẹ̀ bá a sọ̀rọ̀: "Àìsàn ni, ó sì ní ìtọ́jú. Kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, kì í ṣe agídí. Àmọ́ ẹnì kan kì í dá a rù. Mú ẹnì kan wá láti ilé." Látìgbà náà ni ọ̀rọ̀ ti wà lẹ́nu rẹ̀, kò lè sọ ọ́ fún ìyá rẹ̀.

Nínú àlá náà, ó na aṣọ kan sí bàbá. "Ẹ bá mi dín in kù. Ó ti tóbi jù fún mi."

Bàbá dìde, ó yọ téèpù lọ́rùn, ó fi yí i nídìí ká. Nígbà tí Ìbídùn wà ní kékeré, ariwo ni bàbá fi ń ka iye tó bá rí, á ní ọmọ òun ti fẹ́ẹ́ di ìyàwó. Lónìí kò ka nǹkan kan. Ọwọ́ rẹ̀ kan egungun ìbàdí ọmọ náà, ó sì dúró síbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀.

"Ta ló mọ̀?"

"Dókítà ni, Bàbá."

"Ṣé Dókítà ló bí ọ ni?"

Ó jókòó, ó yí aṣọ náà síta, ó mú abẹ, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Gbogbo aṣọ tó bá rán fún ọmọ rẹ̀ ló máa ń fi ààyè sílẹ̀ sínú, á ká a mọ́ ẹ̀gbẹ́. Tí ẹnikẹ́ni bá ní ó ń fi aṣọ ṣòfò, á ní ara ọmọ ń bọ̀ wá kún un.

"Bàbá, mi ò ní kẹ́ ẹ tú u."

"Mo gbọ́." Ó ń tú u lọ. "Mi ò gbé oúnjẹ wá fún ọ o. Ìyá rẹ á ní mo wá pa ọ́ lójú oorun."

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín. Ẹni tó bá jẹun lójú àlá nílé Mọ́mì, àdúrà ló máa fi ọ̀sẹ̀ yẹn gbà.

"Ó ti fi mí yangàn níwájú ìjọ," ni Ìbídùn wí. "Tí mo bá sọ ọ́, ojú á tì í."

Bàbá fi eyín já òwú. "Nígbà tí mi ò lè dìde mọ́, obìnrin yẹn ló ń wẹ̀ mí, tó ń pààrọ̀ aṣọ ìdí mi. Ojú ò tì í. Ṣé tìrẹ ló máa wá tì í lójú? Lọ bá a."

"Ẹ jẹ́ ká jọ lọ."

"Iṣẹ́ wà nílẹ̀," ni bàbá wí, ó sì gbé ẹsẹ̀ padà sórí máṣíìnì.

Nígbà tí Ìbídùn jí, oòrùn ọ̀sán ṣì wà lójú fèrèsé, ìrọ̀rí rẹ̀ sì ti tutù fún omijé. Mọ́mì dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó fẹ́ béèrè ohun tí ọmọ rẹ̀ máa fi ṣínu.

"Kí ló dé tó ò ń sunkún?"

"Mo lá àlá Bàbá."

Mọ́mì jókòó gbì sórí bẹ́ẹ̀dì. "Ṣé ó fún ọ ní nǹkan jẹ?"

"Rárá, Mọ́mì. Ó ní kí n wá bá yín." Ó yé e wàyí pé bàbá kò wá wo òun sàn. Ọ̀dọ̀ ẹni tó ṣì wà láàyè ló rán òun sí. "Mi ò gbààwẹ̀, Mọ́mì. Irọ́ ni mò ń pa. Oúnjẹ ló ń bà mí lẹ́rù, mi ò sì mọ bí mo ṣe máa ṣe é mọ́. Dókítà ní àìsàn ni."

Mọ́mì gbá aṣọ ìbora sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó di apá ọmọ rẹ̀ mú, ó sì wò ó dáadáa. Ó la ẹnu, Ìbídùn rò pé àdúrà ló fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ó pa á dé. Ó tú gèlè rẹ̀, ó fi nu omijé ojú ọmọ náà.

"Ọjọ́ wo ni Dókítà ní ká wá?"

Bẹ́ẹ̀ Ìbídùn ò tíì sọ fún un pé wọ́n ní kí òun mú ẹnì kan dání.