Ojú Ìlẹ̀kùn Gáráàjì Wa

Kí n má purọ́, mi ò fẹ́ràn kí ẹnikẹ́ni máa kọ́ mi bí mo ṣe máa tún ilé mi ṣe. Télọ̀ ni mí. Ó ti tó ogójì ọdún tí mo ti ń wọn èèyàn láti ọrùn dé ọrùn ẹsẹ̀, kò sì tíì sí ẹni tó gbé aṣọ padà wá bá mi pé ó kúrú. Gáráàjì ilé wa ni ṣọ́ọ̀bù mi. Ọkọ̀ wà lápá ọ̀tún, èmi àti máṣíìnì mi wà lápá òsì, ìlẹ̀kùn ńlá oníná tó ń gòkè tó ń sọ̀ kalẹ̀ sì wà níwájú wa.

Ìlẹ̀kùn yẹn ló dá ọ̀ràn sílẹ̀. Lọ́jọ́ tí wàhálà bẹ̀rẹ̀, ìyàwó mi tẹ rìmóòtù láti ilé ìdáná. Kò mọ̀ pé ọmọọmọ wa àgbà, ọmọ ọdún mẹ́fà, ti fi kẹ̀kẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà. Ìlẹ̀kùn náà ò bèèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó tẹ kẹ̀kẹ́ náà pẹlẹbẹ, ọmọ sì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó la ẹnu sílẹ̀. Ọmọ wa obìnrin, ìyá àwọn ọmọ náà, rí gbogbo rẹ̀ láti ojú fèrèsé. Nọ́ọ̀sì ni, kì í pariwo. Ó kàn gbé àbúrò pọ̀n, ó di ẹ̀gbọ́n lọ́wọ́ mú.

"Ẹ̀yin òbí mi, ẹ má bínú o," ló wí. "Títí ẹ ó fi wá nǹkan ṣe sí ìlẹ̀kùn yìí, àwọn ọmọ mi ò ní sùn níbí mọ́."

Tẹ́lẹ̀, láti ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́ Ẹtì dé Ọjọ́ Àìkú, ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n máa ń wà. Ilé wá pa lọ́lọ́. Ìyàwó mi á tẹ́ bẹ́ẹ̀dì wọn, á tún ká aṣọ orí ẹ̀ kúrò. Èmi ń ṣe bí ẹni tọ́rọ̀ ò kàn. Mo ní ó dáa bẹ́ẹ̀, kò sẹ́ni tó máa gbé ṣọ́ọ̀kì mi sá lọ mọ́. Irọ́ ni mo ń pa. Àárò wọn ń sọ mí gan-an.

Ó yẹ ká ti ṣe é láàárín ọ̀sẹ̀ kan, àmọ́ èmi ni mo fà á gùn. Mo ti rí ìlẹ̀kùn kan nílé aládùúgbò wa tí wọ́n ń fi fóònù ṣí, tó ń tan iná aláwọ̀ búlúù, tó sì ń kọrin bó bá ti ń gòkè. Mo ní àfi irú ẹ̀. Ìyàwó mi ní ṣé torí orin lọmọ òun fi bínú kó àwọn ọmọ lọ ni? Oṣù kan gbáko la fi fa ọ̀rọ̀ yìí kí ìyàwó mi tó lọ pe obìnrin kan tó ń ṣe ìlẹ̀kùn wá. Ìyá Dán-an-wò la sọ ọ́, torí kò sí ohun tó máa sọ tí kò ní fi "ẹ jẹ́ ká dán an wò" kádìí ẹ̀.

Ó kí wa tán, ó wo ìlẹ̀kùn láti òkè délẹ̀, ó wá kọjú sí mi.

"Bàbá, kí lẹ fẹ́ kó máa ṣe?"

Mo ka tèmi sílẹ̀: fóònù, iná búlúù, orin.

"Ta lẹ fẹ́ máa fi fóònù ṣílẹ̀kùn fún láti òkèèrè, Bàbá? Ṣebí inú gáráàjì yìí náà lẹ máa ń wà látàárọ̀ ṣúlẹ̀?"

Ìyàwó mi rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sórí àpótí mi. Inú bí mi.

"Ṣé àwọn ọmọdé máa ń wá síbí?" obìnrin náà bèèrè.

"Wọ́n máa ń wá tẹ́lẹ̀," ìyàwó mi dáhùn. Ẹ̀rín ti kúrò lójú ẹ̀.

"Ẹ jẹ́ ká fún un lójú nígbà náà. Ojú méjì, ọ̀kan níbí, ọ̀kan lọ́hùn-ún, wọn á máa wo ara wọn. Ohunkóhun tó bá gba àárín wọn kọjá, ìlẹ̀kùn á padà sókè. Bí ojú ò bá sì rí nǹkan, kí ara rẹ̀ mọ̀ ọ́n: bó bá ti kan nǹkan báyìí, kó padà. Bọ́tìnnì ara ògiri, òkè ni ká gbé e sí, níbi tọ́wọ́ ọmọ ọdún mẹ́fà ò lè tó. Ká tún fi okùn kan kọ́ ọ nínú, ọjọ́ tí iná bá lọ, ẹ lè fọwọ́ fà á ṣí. Àwọn tó yẹ kẹ́ ẹ náwó lé lórí nìyẹn. Orin, Bàbá, ẹ máa kọ ọ́ fúnra yín."

Iṣẹ́ ọjọ́ kan ni. Nígbà tó parí, ó fi pákó pẹlẹbẹ kan sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. "Ẹ jẹ́ ká dán an wò." Ìlẹ̀kùn sọ̀ kalẹ̀, ó kan pákó, ó padà sókè wéré. Ó na ẹsẹ̀ sí i, ó tún padà. Ó wá fìka tọ́ka sí mi.

"Íǹṣì mẹ́fà péré láti ilẹ̀ ni mo fi ojú yìí sí. Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé e kúrò níbẹ̀."

Mo ní mo ti gbọ́.

Àmọ́ télọ̀ ni mí, àgékù aṣọ kì í tán nílẹ̀ mi. Bí mo bá ti tẹ rìmóòtù, ìlẹ̀kùn á wá dé agbedeméjì, ojú á rí òkìtì àgékù lẹ́nu ọ̀nà, ó dòkè. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan ó ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀marùn-ún, oòrùn ń ta mí lójú. Kàkà kí n gbálẹ̀, mo mú téèpù. Mo wọ̀n láti ilẹ̀ dé ibi tí orúnkún ìyàwó mi máa ń dé, íǹṣì méjìdínlógún, mo tú àwọn ojú náà, mo sì dè wọ́n síbẹ̀. Mo ní kò sí ẹni tó ń rìn tí wọn ò ní rí. Ìlẹ̀kùn sọ̀ kalẹ̀ kíá. Inú mi dùn sí ọgbọ́n orí mi, mi ò sì sọ fẹ́nì kankan.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta lọmọ wa kó àwọn ọmọ dé láti wá yẹ̀ ẹ́ wò. Kò gbé báàgì kankan dání. Ó gba rìmóòtù, ó tẹ̀ ẹ́, ó na ẹsẹ̀ ẹ̀ gígùn yẹn sábẹ́ ìlẹ̀kùn. Ó padà sókè. Ó fi pákó sílẹ̀. Ó padà sókè.

"Nǹkan gidi lẹ ṣe yìí o," ló wí. Ó gbé èyí kékeré sílẹ̀. "Ó dáa. Wọ́n máa sùn níbí lónìí."

Ìyàwó mi bẹ́ mọ́ ọn. Èmi náà la ẹnu kí n yọ̀, ni mo bá rí ọmọ kékeré. Ìgbà tó lọ, kò tíì lè jókòó dáadáa. Àṣé ó ti ń rá! Ó gbá tẹ̀lé àgékù aṣọ yẹ́lò kan lọ sẹ́nu ọ̀nà, ojú mi sì wọ̀n ọ́n fúnra ẹ̀, bó ṣe máa ń wọn gbogbo èèyàn: láti ilẹ̀ dé ẹ̀yìn ọmọ, íǹṣì méjìlá.

Ojú ìlẹ̀kùn sì wà ní íǹṣì méjìdínlógún. Kò sẹ́ni tó mọ̀. Bí mo bá dákẹ́, wọ́n á sùn lọ́dọ̀ wa, mo lè yọ́ dá ojú náà padà tó bá dọjọ́ Ajé. Mo rò ó bẹ́ẹ̀, mi ò ní purọ́. Mo tún wo ọmọ náà.

"Ẹ gbé e! Ẹ gbé ọmọ yẹn!" Mo nawọ́ sí ọmọ náà. "Mo ti gbé ojú ìlẹ̀kùn yẹn sókè. Ọmọ yìí lè gba abẹ́ ẹ̀ kọjá, kò ní rí i."

"Bàbá wọn!" ìyàwó mi kígbe.

Ọmọ wa sáré dé ẹnu ọ̀nà. Ó gbé ọmọ fún ìyàwó mi, ó mú tìmùtìmù orí àga mi, ó gbé e sẹ́nu ọ̀nà, ó tẹ rìmóòtù. Ìlẹ̀kùn ń bọ̀, ó ń bọ̀, kò rí nǹkan kan, àfìgbà tó kan tìmùtìmù kó tó padà sókè. Àpá ẹ̀ hàn lórí tìmùtìmù náà.

Mo kúnlẹ̀, mo tú àwọn ojú náà, mo dá wọn padà sí íǹṣì mẹ́fà. Mo wá mú ìgbálẹ̀, mo gbá àgékù aṣọ títí ilẹ̀ fi ń dán. Mo tún tẹ rìmóòtù. Lọ́tẹ̀ yìí, ìlẹ̀kùn ò tiẹ̀ sún mọ́ tìmùtìmù rárá.

Ọmọ wa jáde lọ síbi ọkọ̀ ẹ̀. Ìyàwó mi bẹ̀rẹ̀ sí í nu ojú. Mo ti ń retí kí ọkọ̀ dún, bó ṣe padà wọlé nìyẹn tòun ti báàgì àwọn ọmọ.

"Ó ti wà nínú bùútù látàárọ̀," ló wí.

"Ṣé ìlẹ̀kùn ti wá tẹ́ ọ lọ́rùn?" mo bi í.

"Bàbá mi, bí ẹ bá dákẹ́ ni, mi ò ní mọ̀." Ó gbé báàgì náà lé mi lọ́wọ́. "Ẹ̀yin lẹ tẹ́ mi lọ́rùn."

Mo ṣí i. Aṣọ àwọ̀sùn tí mo rán fún èyí kékeré ló wà lókè. Ìgbà tí mo rán an, ó bo ọmọ dé ẹsẹ̀. A wọ̀ ọ́ fún un, kò kọjá orúnkún. Oṣù méjì mà ni mi ò fojú kàn án.

Aṣọ àkọ́kọ́ tí wọ́n máa gbé padà wá bá mi pé ó kúrú nìyẹn. Mo fa téèpù yọ, mo ní kí wọ́n gbé ọmọ wá kí n tún un wọ̀n.