Ihò Mẹ́rin Tí Kálífán Dí

Tùráyà ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ bíréèkì lẹ́nu ọ̀nà ilé wọn ni omi tútù dà látorí mọ́tò, ó gba ẹ̀yìn fìlà Kálífán bàbá rẹ̀ wọ inú aṣọ. Kálífán ta gìrì. Òjò àkọ́rọ̀ ti dá látàárọ̀, ibo ni tèyí ti wá?

Àwọn àgbà ìlú ń dúró dè é ní gbọ̀ngàn. Òní ni yóò fa ìtọ́jú omi ìlú lé ẹlòmíì lọ́wọ́, omi tí àwọn baba ńlá wọn gbẹ́ ọ̀nà fún láti abẹ́ òkè wá sí oko dàbínù. Orúnkún rẹ̀ kò gba abẹ́ òkè mọ́. Hìláálì, ọmọ àbúrò rẹ̀ tó jókòó lẹ́yìn yìí, ni yóò fà á lé, nítorí ọmọbìnrin kan ṣoṣo ni Ọlọ́run fún òun.

Tùráyà ṣí fèrèsé orí mọ́tò. Ó wo igun rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

"Bàbá, ta ló dí àwọn ihò yìí?"

Ojú ti Kálífán. Òun ni. Nígbà eruku ló rí ihò níbẹ̀, ó pòṣé sí àwọn tó ṣe mọ́tò, ó sì po amọ̀ sísun tó fi ń lẹ ọ̀nà omi ìlú, ó fi dí wọn pa.

Tùráyà fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó gbé e mì. Ó ṣàlàyé fún un pé rọ́bà etí dígí kì í dá gbogbo omi dúró. Àwọn tó ṣe é mọ̀ pé omi á wọlé, ni wọ́n ṣe la gọ́tà yí i ká. Láti igun kọ̀ọ̀kan, ọ̀pá rọ́bà tín-ínrín gba inú òpó mọ́tò sọ̀kalẹ̀, ó ń da omi síta nísàlẹ̀. Amọ̀ ló há omi òjò mọ́ òkè títí bíréèkì fi dà á sílẹ̀.

Kálífán fọwọ́ kan òpó ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ọjọ́ wo ló ti ń fara ti í! Ọ̀nà omi nínú irin! Ẹni tó ṣe èyí kò bá omi jà, ọ̀nà ló là fún un. Wọ́n ní ẹni tó da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Òun da amọ̀ síwájú, kápẹ́ẹ̀tì tútù ló ń tẹ̀.

Hìláálì ní kí wọ́n jẹ́ kóun fi ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fẹ́ táyà fẹ́ ẹ kíákíá, àwọn àgbà ń dúró.

"Tó o bá fẹ́ ẹ, rọ́bà á yọ nínú lọ́hùn-ún," Tùráyà dá a lóhùn. "A ò ní mọ ibi tí omi ń gbà mọ́."

Ó fi ṣóńṣó irin ha amọ̀ náà kúrò, ó kó èérún rẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́ kó má bàa já sínú. Ó ki okùn ọ̀rá bọ ihò, ó ń yí i díẹ̀díẹ̀. Níbi tó bá ti há, á fà á padà, kò fipá tì í. Lẹ́yìn náà ló rọra da omi sí i látinú kẹ́tìlì, ó kúnlẹ̀ nínú ẹrẹ̀, ó dẹ etí sábẹ́ mọ́tò.

Omi kán. Ó tún kán. Ó wá ń ṣàn.

Irun ara Kálífán dìde. Bí òun ṣe máa ń kúnlẹ̀ lábẹ́ òkè gan-an nìyẹn, bí òun ṣe máa ń dá èémí dúró nìyẹn.

"Ta ló kọ́ ọ?"

"Ẹ̀yin ni."

"Èmi kẹ̀? Hìláálì ni mò ń mú lọ síbi iṣẹ́."

"Èmi sì ni mò ń gbé kọfí wá fún yín, Bàbá. Ẹ ò sọ pé kí n dijú."

Kálífán dúró ti ọmọ rẹ̀ títí igun kẹrin fi ṣàn.

Bí wọ́n ti dé gbọ̀ngàn, Hìláálì sáré wọlé. Tùráyà jókòó sídìí ọkọ̀ bí àwọn obìnrin ṣe máa ń ṣe, kó lè dúró de bàbá rẹ̀ níta. Kálífán gbé ẹsẹ̀ kan sílẹ̀.

"Pa ẹ́ńjìnnì," ó wí.

"Ṣé ẹ máa pẹ́ ni?"

"Ìwọ náà ń wọlé." Ó na ọwọ́ sí i. "Wá fà mí dìde."