Òpó Tí Kò Kan Àpáta

1.

…tí kò sì kan àpáta! Ohun tó ń bí Baba Gbìì nínú gan-an nìyẹn. Òpó tó máa gbé ilé ìwòsàn àwọn ọmọdé, alájà mẹ́sàn-án, wọ́n ní kó dúró sáàárín ẹrẹ̀, bí ẹni tó wọ odò tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ò tólẹ̀. Ta ló ya irú àwòrán bẹ́ẹ̀? Ọmọ rẹ̀ ni. Ọmọ bíbí inú rẹ̀. Ẹnjiníà.

Gbìì: ìró òòlù ńlá tó ń gbá òpó kọnkéré wọlẹ̀ nìyẹn. Ìdí òòlù yẹn ni baba ti hu ewú. Ní tiẹ̀, òpó tí wọ́n bá gbá tí kò dáhùn “kàn!” kò tíì délé.

2.

OHUN TÓ WÀ NÍNÚ ILẸ̀ YÌÍ
(bí fọ́mánù ṣe kọ ọ́ sára pákó)

iyẹ̀pẹ̀ tí wọ́n kó wá dà síbẹ̀
ẹrẹ̀ dúdú
ẹrẹ̀ dúdú
ẹrẹ̀ dúdú, ó ń rùn
amọ̀
amọ̀, ó le díẹ̀
amọ̀
amọ̀
irin tí a fi ń gbẹ́lẹ̀ tán. A ò rí àpáta.

3.

BABA: Ìwọ ọmọ yìí, àpáta dà?
ỌMỌ: Ó jìnnà, Bàámi. Kò sí òpó tó máa gùn débẹ̀.
BABA: Kí ló wá máa gbé ilé?
ỌMỌ: Amọ̀ náà ni. Á di òpó mú yí ká, látòkè délẹ̀.
BABA: Amọ̀ lọ́wọ́ ni?
ỌMỌ: Ó lọ́wọ́. Ẹ mú ọ̀pá yín, ẹ jẹ́ ká lọ.

4.

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà ibiṣẹ́, níbi tí amọ̀ ti hàn sókè, ọmọ náà gba ọ̀pá ìtilẹ̀ baba, ó kì í bọ inú amọ̀. Ó jìn gan-an.

“Ẹ fà á.”

Baba fà á. Wọ́ọ́, ó yọ. Baba rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. “Ọwọ́ amọ̀ ọ̀hún nìyẹn?”

Ọmọ náà tún kì í bọlẹ̀. “Ẹ fi sílẹ̀ báyìí. Téèyàn bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gún amọ̀, inú máa ń bí i. Ó fẹ́ ìsinmi kó tó dì mọ́ nǹkan.”

“Kí ni kí n wá máa fi rìn?”

“Ẹ di apá mi mú.”

Ó dì í mú délé. Gbogbo àdúgbò ló rí wọn. Àfi bí ẹni pé baba mọ̀ọ́mọ̀ gba ọ̀nà tó jìn.

5.

ÀKÍYÈSÍ
A máa di ẹrù lé ọ̀kan lára àwọn òpó (òpó ìdánwò), láti fi mọ bí ìyókù ṣe máa lágbára tó. Bó bá rì ju bó ṣe yẹ lọ, iṣẹ́ dúró, a ó sì gbé àwòrán fún ẹnjiníà mìíràn.
— Àwọn tó ni ilé

Ẹnì kan fi èédú kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé: ỌMỌ BABA GBÌÌ NI O! Wọn ò mọ ẹni tó kọ ọ́.

Baba ni.

6.

(Ohùn tí baba fi ránṣẹ́ sí fọ́mánù)
“Èmi ni o. Èmi tí mo kọ́ ẹ níṣẹ́. Òpó ìdánwò yẹn, fi ègé òpó kan lé e kó wọlẹ̀ sí i. Ègé kan péré! Má sọ fún ọmọ mi. Àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́.”

(Èsì)
“Ó ti wọlẹ̀, Bàbá.”

7.

Ẹrẹ̀ ò sọ fẹ́nì kan.

8.

Bí òòlù bá ti gbé ọwọ́ kúrò lórí òpó, ẹnì kan ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án títí amọ̀ á fi padé lára rẹ̀. Wọ́n ń dúró. Kí wọ́n tó dúró tán, àwọn tí baba ti sọ fún pé ọmọ òun ló ya àwòrán náà:

onígbàjámọ̀
onígbàjámọ̀ kejì (irun wo ló kù tí wọ́n fẹ́ gẹ̀?)
ẹni tó ṣi nọ́ńbà pè
dókítà eléyín, nígbà tí irin ṣì wà lẹ́nu baba

9.

ỌMỌ: Bàámi, ọ̀la la máa dán an wò. Ẹ̀rù ò bà yín?
BABA: Ẹ̀rù kẹ̀? Òpó yẹn ò lè rì. Mo ti bá ẹ tún un ṣe.
ỌMỌ: Ẹ ti bá mi ṣe kí ni?
BABA: Ègé kan. Kékeré báyìí.
ỌMỌ: Ọ̀kan ló gùn, Bàámi. Gbogbo ìyókù kúrú. Eléyìí á yege, ilé á wá jókòó lé àwọn tẹ́nì kan ò dán wò. Àwọn ọmọ tára wọn ò yá ló máa sùn síbẹ̀.
BABA: Ta ló máa mọ̀?
ỌMỌ: Ọmọ yín ti mọ̀.

10.

Ojú ti baba. Ojú tì í gan-an. Ṣùgbọ́n, ẹ wò ó, àyà rẹ̀ tún ń wú. Ta ló bí eléyìí? Òun ni. Ta ló kọ́ ọ lágídí?

Ìyá rẹ̀ ni, ká má purọ́.

11.

ÀKÍYÈSÍ
Òpó ìdánwò gùn ju ti inú àwòrán lọ. Mo fagi lé e. Kí àwọn tó ni ilé fọwọ́ ara wọn yan òmíràn lára àwọn tó ti sinmi. Ẹ̀bi mi ni.
— Ẹnjiníà

Èédú, lẹ́tà wọ́gọwọ̀gọ: IRỌ́ NI. ÈMI NI. BABA GBÌÌ.

12.

Wọ́n to kọnkéré gìrìwò lókè òpó mìíràn tí àwọn tó ni ilé yàn. Jáàkì ń ti òpó mọ́lẹ̀. Aago kékeré kan ń sọ bó ṣe ń rì.

FỌ́MÁNÙ: Ó rìn.
ỌMỌ: Mo rí i.
FỌ́MÁNÙ: Ó tún rìn, Ẹnjiníà.
ỌMỌ: Ẹ fi kún un.
FỌ́MÁNÙ: Ẹnjiníà…
ỌMỌ: Ẹ fi kún un!

rì
  rì
    r

13.

Baba ò lè wò ó. Ó yí ẹ̀yìn sí wọn, ó ń fi ọwọ́ ti ara ọgbà lọ, títí ó fi dé ibi tí ọ̀pá rẹ̀ wà nínú amọ̀ láti ọjọ́ yẹn.

Fọ́mánù figbe ta lẹ́yìn rẹ̀: “Bàbá! Bàbá, ẹ wá wo aago!”

Ayọ̀ ni o, ẹ̀rù ni o, etí baba ò yà á sọ́tọ̀.

Ó di orí ọ̀pá mú. Ó fi ọwọ́ kan fà á. Kò yọ.

Ó fi ọwọ́ méjèèjì fà á.