Òróró Lórí Erùpẹ̀ Pupa

"Ẹ má ti ilẹ̀kùn yẹn o! Erin ò lè dúró!"

Mo tì í. Mo fi igi há a. Gbogbo ìlú Kolhapur ní Íńdíà ló wà níta, wọ́n ń lu ìlù, wọ́n ń pariwo orúkọ Hindurao tó wà nínú ilé pẹ̀lú mi. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé oníjàkadì ará ìlú Sangli ṣánlẹ̀ gbìì ni, kùmọ̀ fàdákà tí wọ́n fi ń dá ẹni tó borí lọ́lá sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Erin tí yóò gbé e yí ìlú ká ti dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé fọ́tò mi.

Bhairu, ọ̀gá tó kọ́ ọ ní ìjà, jókòó sórí àga ọba tí mo fi ń ya àwọn ọkọ ìyàwó. Ojú méjèèjì ń ro ó burúkú. Bọ́ọ̀sì ìrọ̀lẹ́ yóò gbé e lọ sí Miraj, níbi tí àwọn dókítà á ti yọ ojú náà kúrò. Kò rí ojú èèyàn mọ́. Ìmọ́lẹ̀ nìkan ló ń rí, bí òkùnkùn bá yí i ká. Ó bẹ̀ mí pé kí n ya ọmọ náà, Hindurao, pẹ̀lú kùmọ̀, lọ́nà tí òun yóò fi rí i kí òun tó lọ.

Mo na aṣọ dúdú sára ògiri. Mo kó awọ ẹkùn àti òdòdó ike kúrò níbẹ̀. Mo pa gbogbo iná, ó ku ẹyọ kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ Hindurao.

"Gbé kùmọ̀ sí èjìká."

"Baba Dattoba, ọ̀gá mi ló yẹ kó kọ́kọ́ fọwọ́ kàn án," ni Hindurao dá mi lóhùn.

"Mo ti fọwọ́ kàn án níta," ni Bhairu wí. "Gbé e jàre! Àbí kí n ní kí erin wá bá ọ gbé e?"

Mo ya á. Mo sá wọ yàrá òkùnkùn tí mo ti ń fọ fọ́tò. Nígbà tí mo gbé fọ́tò tútù náà jáde, mo ti mọ̀ pé kò dáa. Kùmọ̀ ń dán, ṣùgbọ́n ọmọ náà ò sí níbẹ̀. Erùpẹ̀ pupa ilé ìjàkadì tó bò ó lára ti gbé ìmọ́lẹ̀ mì.

Bhairu gbé e sún mọ́ imú. "Kùmọ̀ rèé. Ta ló gbé e? Iwin?"

"Lọ wẹ̀," ni mo sọ fún Hindurao.

"Kí n wẹ̀ ká tó yí ìlú ká? Omi ò gbọ́dọ̀ kan erùpẹ̀ yìí títí a ó fi padà délé ìjàkadì. Ẹ̀yin náà mọ̀ bẹ́ẹ̀."

Mo mọ̀. Bọ́ọ̀sì ò sì ní dúró.

Wọ́n ń gbá ilẹ̀kùn. "Ẹ jáde o! Erin ti ń jẹ òdòdó olódòdó!"

Bhairu dìde. "Omi lèèwọ̀. Òróró ńkọ́?"

Mo ní òróró tí mo fi ń dán irun àwọn ọkọ ìyàwó. Mo dà á sí i lọ́wọ́. Ó wá èjìká ọmọ náà kàn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ wọ́ ọ, bó ṣe ń ṣe láti kékeré rẹ̀.

"Ẹ rọra, ọ̀gá. Ibẹ̀ ń dùn mí."

"Dákẹ́ ńbẹ̀! Ẹni tó da ará Sangli dẹ́bùú ló ń sunkún òróró?"

Ibi tí ọwọ́ rẹ̀ bá ti gbà ń kọ mànà. Èmi gan-an ló pariwo.

"Bhairu, yọwọ́! Hindurao, má mí!"

Mo ya á.

Bhairu gba fọ́tò kejì, omi ṣì ń kán lára rẹ̀. Ó fi ìka tọ ìlà ìmọ́lẹ̀ tó yí ọmọ náà ká.

"Etí tí mo fọ́ fún un níbi ìjàkadì nìyí. Èjìká. Kùmọ̀." Ó fò sókè. "Dattoba, mo rí i! Mo rí ọmọ mi!"

Hindurao já igi ilẹ̀kùn dànù. Ó gbé ọ̀gá rẹ̀ sí ọrùn, ó gbé e gun erin ṣáájú ara rẹ̀. Ibùdó bọ́ọ̀sì ni wọ́n kọ́kọ́ yà sí, tìlù tariwo.

Títí dòní, fọ́tò kejì náà wà lára ògiri ilé ìjàkadì. Ipa ìka Bhairu tó kún fún òróró ṣì hàn ní èjìká ọmọ náà.