Arẹwà Bẹyẹrúnkà

Láti kékeré ni àwọn ìyálé agbo ilé wọn ní Bẹyẹrúnkà ti ń pe Sàláúdéènì ní Adúmáadán. Nígbà tó fi máa tó ọmọ ogún ọdún, oríkì náà ti kó sí i lórí. Sìdí, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin tó ń ya àdìrẹ ẹlẹ́kọ, ló tọ́ ọ lẹ́yìn ikú ìyá wọn. Ó fi í síbi iṣẹ́ télọ̀ l'Ọ́jà'ba, àmọ́ iwájú dígí ni Sàláú ń pẹ́ sí ju ìdí máṣíìnì lọ.

Ibẹ̀ ni Àkíbù ti rí i. Àkíbù ni olórí àwọn tọ́ọ̀gì tí àwọn olóṣèlú ń lò lásìkò ìbò ọdún 1965.

"Irú ojú yìí kọ́ ló yẹ kó máa rán ṣòkòtò oníṣòkòtò," ló wí. Ó ra kóòtù aláwọ̀ ewé fún un, ó fi awò ojú dúdú lé e. "Rìn gba Bẹẹrẹ kọjá, kí o wo bí wọn yóò ṣe yàgò."

Wọ́n yàgò lóòótọ́. Sàláú kò mọ̀ pé kóńdó ọwọ́ Àkíbù ni wọ́n ń yà fún.

Ó kọ́kọ́ ń gbá èèyàn létí. Kò pẹ́, ó fọ́ bàbá arúgbó kan lẹ́nu nísàlẹ̀ Mápó, torí pé bàbá náà kò tètè kí i. Lọ́jọ́ yẹn, ó sáré lọ sílé. Ó délé, ó wo dígí, ó rí i pé ojú òun kò yí padà, ọkàn rẹ̀ sì balẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Olúdayọ̀ bíríkìlà, aládùúgbò wọn, rí i pẹ̀lú àwọn Àkíbù.

"Kóòtù Àkíbù mà wọ̀ ẹ́ o, Sàláú. Ìgbà wo lo máa dá a padà?"

Gbogbo àwọn tó wà nítòsí rẹ́rìn-ín. Àkíbù sọ̀rọ̀ sí i létí: "Ẹ̀rín ẹ ni wọ́n ń rín yẹn." Ó ki àdá bọ̀ ọ́ lọ́wọ́.

Olúdayọ̀ sá wọ agbo ilé, Sàláú gbá tẹ̀ lé e. Sìdí dìde nídìí aṣọ tó ń yà, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà.

"Sàláú, gbé e sílẹ̀."

Àdá ti ń bọ̀. Sìdí na ọwọ́ ọ̀tún sókè láti gbà á, irin sì jẹ ọrùn ọwọ́ náà wọ eegun. Ẹ̀jẹ̀ tú sórí àdìrẹ. Àkíbù àti àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Olúdayọ̀ tí wọ́n fẹ́ pa ló bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀, tó fi di ọwọ́ náà, tó gbé Sìdí sáré lọ sí ọsibítù. Àwọn ọkùnrin agbo ilé fi ọmọ odó lu Sàláú títí imú rẹ̀ fi ṣẹ́, títí kóòtù náà fi di àkísà. Ọlọ́pàá ló gbà á lọ́wọ́ wọn.

Nílé ẹjọ́, Àkíbù ní òun kò mọ Sàláú rí.

Sìdí wá wò ó lẹ́wọ̀n. Ó gbé ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín sí i. Sàláú kò lè gbójú sókè.

"Gbà, kó má tutù," ló wí. "Má kà á sí àfojúdi. Ọwọ́ òsì ni mo fi ń ṣe gbogbo nǹkan báyìí."