Ẹni Tó Jókòó Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ní Ń Ka Géèjì

"Mú ọ̀kan níbẹ̀," ni Sípánà mẹkáníìkì wí, ó sì fi páálí tó kọ nǹkan sí lé ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́. "Mẹ́ta ni mo kọ. Owó ẹ ò ká ju ọ̀kan lọ. Má sì máa wò mí bí ẹni pé èmi ni mo ní kí ọjà wọ́n."

Olómi gbé páálí náà jìnnà sójú, ó tún fà á mọ́ra, ó wá ń mi orí bí ẹni tó ń ronú jinlẹ̀. Òtítọ́ ibẹ̀ ni pé kò rí ọ̀rọ̀ kan kà. Àárín páálí náà dà bí ibi tí èéfín bò. Etí rẹ̀ nìkan ló hàn sí i, pẹ̀lú àtàǹpàkò ara rẹ̀ tó fi dì í mú.

"Ìwọ náà kà á sí mi létí," ló wí. "Adìẹ tó ń tan ilẹ̀ mọ̀wé kọ jù ọ́ lọ."

Sípánà rẹ́rìn-ín. Ó ti lé lógún ọdún tí wọ́n ti ń bú ara wọn báyìí nínú ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì yìí, kò sì rí ohun àjèjì kankan nínú èyí. Ó gba páálí padà, ó kà á. Àkọ́kọ́ ni sàlẹ́ńsà tó tóbi, kí wọ́n sì tún kọ̀ǹpútà ọkọ̀ tò, kí tọ́bò lè máa fẹ́ atẹ́gùn púpọ̀ sí i sínú ẹ́ńjìnnì. Ìyẹn ni agbára. Èkejì ni réédíétọ̀ ńlá tí yóò mú kí atẹ́gùn náà tutù kó tó wọlé, nítorí ooru ní í pa ẹ́ńjìnnì tó bá ní tọ́bò. Ẹ̀kẹta ni bíréèkì tuntun fún ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, pẹ̀lú táyà.

Kò tíì kà á tán tí Olómi fi ní, "Àkọ́kọ́."

"Mo mọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo yín. Oníbàárà kan ò tíì wọ ṣọ́ọ̀bù yìí rí kó ní òun ń wá ọkọ̀ tó ń tètè dúró."

"Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo fẹ́ gbọ́ ọ bó ṣe yẹ kó dún, Sípánà. Ẹ̀ẹ̀kan."

"Ẹ̀ẹ̀kan kẹ̀? Kí ló ń lé ọ?"

Olómi na ọwọ́ sí bọ́nẹ́ẹ̀tì tó ṣí sílẹ̀, ó ń fi inú ìka pa á lára.

Ọgbọ̀n ọdún gbáko ló fi wa ọkọ̀ tó ń pín omi kiri, ìyẹn ni wọ́n ṣe ń pè é ní Olómi. Oṣù tó kọjá ló kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀, ó ní ẹ̀yìn ń dun òun. Ẹ̀yìn kọ́ o, ojú ni. Ó ti pé oṣù mẹ́ta tí dókítà ti sọ fún un pé àárín ojú rẹ̀ méjèèjì ni àìsàn náà mú, pé kò sí òògùn tí yóò dá èyí tó ti lọ padà, àti pé ìyókù náà ń lọ. Ẹ̀gbẹ́ ojú ṣì ń ríran. Nítorí náà ó ń rìn káàkiri láìkọlu nǹkan, kò sì sẹ́ni tó fura. Ó ṣe bí ọmọlúàbí, ó fi ọkọ̀ omi sílẹ̀. Ọkọ̀ tirẹ̀ yìí ni kò lè fi sílẹ̀.

Ọkọ̀ kékeré aláwọ̀ eérú ni. Àkúfọ́ ló rà á, òun àti ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo ló fi ọdún mẹ́fà tò ó padà, Sátidé kan lẹ́yìn òmíràn. Òfin kan ṣoṣo ló wà láàárín wọn nígbà tí wọ́n bá ń dán an wò: ẹni tó ń wakọ̀ kò gbọdọ̀ gbé ojú kúrò lọ́nà, ẹni tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ní ń ka géèjì, aago kékeré tó ń sọ bí tọ́bò ṣe ń fẹ́ tó. "Mélòó?" ni bàbá yóò bèèrè. Ọmọ yóò máa pè é lọ: "Mẹ́jọ, Dádì. Mẹ́wàá. Méjìlá, ó ti tó!" Àmọ́ ọmọ ti rí iṣẹ́ sí ilé ìwòsàn kan ní ìlú mìíràn. Ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ló ń wá sílé, àga ẹ̀gbẹ́ sì ṣófo.

"Kó o tó náwó," ni Sípánà wí, "o ní nǹkan kan ń kan nínú ẹ́ńjìnnì. Wà á, kí n gbọ́."

Wọ́n gba ọ̀nà tóóró tó lọ lẹ́yìn ilé-iṣẹ́ omi. Ọ̀nà tí Olómi mọ̀ bí ẹní mowó ni. Ó tẹ iná, tọ́bò súfèé, inú rẹ̀ dùn bí inú ọmọdé. Lẹ́yìn ìyẹn ni ẹ́ńjìnnì bẹ̀rẹ̀ sí í kan, gbì-gbì-gbì, bí ẹni ń fi irin lu irin.

"Ta ló yí nọ́ọ̀tì tó ń díwọ̀n atẹ́gùn tọ́bò?" ni Sípánà bèèrè.

"Èmi ni. Ọjọ́ Ajé. Mo rọra ń yí i títí abẹ́rẹ́ fi dé orí méjìlá."

"Mélòó ló wà báyìí?"

Olómi ju ojú sí géèjì. "Méjìlá," ló wí, láìmikàn.

Abẹ́rẹ́ náà ti kọjá méjìdínlógún, ó ń gbọ̀n. Sípánà wo géèjì, ó wo ojú ọ̀rẹ́ rẹ̀. Nígbà tó máa fi gbé ojú sọ́nà, ariwo ló kù tó lè pa.

"Bíréèkì! Tẹ bíréèkì!"

Olómi tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Bíréèkì tó ti jẹ tán han gooro, ọkọ̀ ń yọ̀ lọ, ó ń fì sọ́tùn-ún, kó tó dúró. Bàbá arúgbó kan tó di agboòrùn mú wà níwájú wọn. Ohun tó kù láàárín ẹsẹ̀ rẹ̀ àti bọ́nẹ́ẹ̀tì kò ju ìgbésẹ̀ méjì lọ. Ó jọ pé etí bàbá náà ti di, nítorí kò tilẹ̀ yíjú wò wọ́n. Ó rọra sọdá, ó ń bá tirẹ̀ lọ.

"Níbo ló ti yọ?" ni Olómi bèèrè.

"Kò yọ láti ibì kankan." Ohùn Sípánà ti yí padà. "Látìgbà tá a ti gba ọ̀nà yìí ló ti wà láàárín títì níwájú wa." Ó na ọwọ́, ó pa ẹ́ńjìnnì. "Sọ̀kalẹ̀. Wá sí ẹ̀gbẹ́ yìí."

Sípánà ló wà á padà, jẹ́jẹ́, bí ẹni ń gbé aláìsàn. Nígbà tí wọ́n dé ṣọ́ọ̀bù, ó yíjú sí Olómi.

"Ó ti tó ìgbà wo?"

"Oṣù mẹ́ta tí mo ti mọ̀."

"O sì ń wakọ̀? Ìwọ tó o fi ọkọ̀ omi sílẹ̀!"

"Ìyẹn, èèyàn pọ̀ lọ́nà tó ń gbà. Èyí, èmi nìkan ló wà nínú ẹ̀."

"Bàbá tó di agboòrùn mú ńkọ́? Òun náà wà nínú ẹ̀ ni?" Inú ń bí Sípánà, omi sì ń bọ̀ lójú rẹ̀, kò mọ èyí tí ì bá ṣe nínú méjèèjì. "Mi ò ní í ta agbára kankan fún ọ. Kódà bó o bá fi wúrà lọ̀ mí."

Ojú ti Olómi. Ẹ̀rù bà á pẹ̀lú, ṣùgbọ́n ìtìjú ló borí. Ẹsẹ̀ ló fi rìn délé.

Ìyàwó rẹ̀ ń ká aṣọ lórí ibùsùn nígbà tó wọlé. Ó jókòó ti aṣọ náà, ó ní, "Ojú mi ń lọ." Kò mọ ọ̀nà mìíràn tí èèyàn lè gbà sọ ọ́.

Obìnrin náà ká ẹ̀wù tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ tán, ó gbé e lé orí àwọn yòókù.

"Olówó orí mi, ta lẹ rò pé ó ń gbé bàtà yín sójú kan náà láti ọjọ́ yìí?"

"O mọ̀?"

"Ọjọ́ tẹ́ ẹ da omi gbígbóná sẹ́gbẹ̀ẹ́ ife, tẹ́ ẹ wá gbé ife òfìfo sẹ́nu tẹ́ ẹ ní tíì náà dùn. Ọjọ́ yẹn ni mo ti mọ̀."

"Kí ló dé tó ò sọ nǹkan kan?"

"Mò ń retí pé kẹ́ ẹ sọ fún mi ni. Mo ti retí títí, ó ti rẹ̀ mí." Ó nu ojú rẹ̀ pẹ̀lú aṣọ ìnura tó fẹ́ ká. "Ọmọ yín ń bọ̀ ní Sátidé. Ẹnu ta ni yóò ti gbọ́ tirẹ̀?"

Ọ̀rọ̀ ọmọ ló le jù fún Olómi. Lójú ọmọ yẹn, kò sí ohun tí bàbá rẹ̀ kì í rí: nọ́ọ̀tì tó já bọ́ sílẹ̀ lóru, wáyà tín-ín-rín tó jóná láàárín ogún wáyà. Kó tó jáde nínú yàrá náà ló pe Sípánà lórí fóònù.

"Ẹ̀kẹta," ló wí. "Bíréèkì àti táyà. Kó o sì dá nọ́ọ̀tì tọ́bò padà sí mẹ́jọ."

"Ìwọ ni ẹni àkọ́kọ́ tó yan bíréèkì láti ọjọ́ tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí," ni Sípánà fèsì. Àwàdà ni, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín nínú àwọn méjèèjì.

Ní Sátidé, ọmọ náà bá bàbá rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù. Ó yí ọkọ̀ ká, ó tẹ̀ ba, ó wo bíréèkì tuntun láàárín ríìmù.

"Dádì! Ẹ̀yin lẹ ra bíréèkì? Mo rò pé agbára lẹ máa ń pariwo ẹ̀ ṣáá."

"Àgbà ti ń dé." Ó ju kọ́kọ́rọ́ sí i. "Ìwọ wà á lónìí. Ẹ̀yìn ń dùn mí."

Sípánà gbọ́ irọ́ náà níbi tó dúró sí, ó yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Olómi jókòó sí àga ẹ̀gbẹ́. Kò jókòó síbẹ̀ rí nínú ọkọ̀ yìí, àfi ọjọ́ tí Sípánà wà á padà. Wọ́n gba ọ̀nà ẹ̀yìn ilé-iṣẹ́ omi. Ọmọ náà rọra tẹ iná, ọkọ̀ gbéra, tọ́bò bẹ̀rẹ̀ sí í súfèé, ó ròkè, ó dúró sí ohùn kan. Ojú ọmọ wà lọ́nà gẹ́gẹ́ bí bàbá ṣe kọ́ ọ.

"Mélòó, Dádì?"

Etí Olómi mọ̀ ọ́n. Mẹ́jọ ni. Ohùn yẹn ò lè jẹ́ nǹkan mìíràn, ó sì ti wà lórí ahọ́n rẹ̀ láti sọ ọ́. Bó bá sọ ọ́, kò ní í ṣì í. Ọjọ́ yóò sì tún lọ, ọmọ yóò padà síbi iṣẹ́, oṣù tó ń bọ̀ yóò dé. Ó rántí agboòrùn tó ń lọ jẹ́jẹ́ níwájú bọ́nẹ́ẹ̀tì.

"Dádì, mélòó?"

"Mi ò rí i."

"Ẹ ò rí kí ni?"

"Géèjì. Ó ti tó oṣù mẹ́ta. Ojú ìwọ náà, mi ò rí i mọ́. Tí mo bá wò ọ́, irun ẹ nìkan ni mò ń rí."

Ẹsẹ̀ ọmọ náà kúrò lórí iná. Súfèé tọ́bò lọ sílẹ̀ títí ó fi dákẹ́. Bíréèkì tuntun mú ọkọ̀ náà láìhan, láìfì, ó sì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà.

Wọ́n jókòó bẹ́ẹ̀. Ó ń gbọ́ bí ọmọ rẹ̀ ṣe ń mí, ó mọ̀ pé ó ń sunkún, kò sì lè rí omijé náà kó nù ún fún un. Ó na ọwọ́ sí ibi tó rò pé èjìká rẹ̀ wà. Ọmọ náà di ọwọ́ náà mú, ó fà á mọ́ra, kò fi sílẹ̀.

Nígbà tó ṣe, ọmọ náà tẹ̀ síwájú, ó wo aago kékeré náà.

"Ó ti padà sórí òdo, Dádì," ló wí.