Wáàtì Márùndínlógójì

Bí ẹ bá fẹ́ mọ bí àwọn tí kò mọ nǹkan kan ṣe ń ra kọ̀ǹpútà, ẹ wá sí Àpòmù. Ṣíọ̀! Ọdún mẹ́rìndínlógún rèé tí mo ti ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Ìkirè, nínú ṣọ́ọ̀bù mi tó kọjú sí títì, ojú mi sì ti rí oríṣiríṣi. Ẹnìkan ti gbé kọ̀ǹpútà tí èèrà kún inú rẹ̀ wá bá mi rí, ó ní fáírọ́ọ̀sì ló wọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n èyí tí Alhaji Làtífù ṣe ju gbogbo ẹ̀ lọ.

Alhaji Làtífù yìí, jẹnẹrétọ̀ ló fi ọgbọ̀n ọdún tà lójú ọ̀nà ní Àpòmù kó tó fẹ̀yìn tì. Nígbà tí àwọn ará àdúgbò ya yàrá kan sọ́tọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́sálásí kí àwọn ọmọ lè máa kàwé níbẹ̀, òun ni wọ́n fi ṣe alága. Ẹ gbà mí! Ẹni tí kò mọ ibi tí wọ́n ti ń tan kọ̀ǹpútà. Ẹyọ kan ṣoṣo ni wọ́n fẹ́, kékeré, tí kò ní gba àyè lórí tábìlì, tó sì máa ṣiṣẹ́ lórí sólà. Sólà ọ̀hún náà kò ju páńẹ́lì méjì àti bátìrì kan lọ, àlòkù sì ni bátìrì náà. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, Nimotallahi, tó ń gbé ládùúgbò yẹn, ló dárúkọ mi fún wọn.

Mo lọ. Mo gbé purosẹ́sọ̀ méjì, ìyẹn ọpọlọ tí kọ̀ǹpútà fi ń ṣiṣẹ́, kalẹ̀ níwájú ìgbìmọ̀ wọn. Pẹlẹbẹ ni méjèèjì, wọn ò tóbi ju bisikíìtì lọ. Mo ní, "Alhaji, èyí ni kẹ́ ẹ mú. Wáàtì márùndínlógójì péré ni. Òun ló máa bá sólà yín mu."

Alhaji wò ó, ó yínmú. "Wáàtì márùndínlógójì? Ìsmáílà, ṣé gílóòbù lo fẹ́ tà fún wa ni? Èyí èkejì ńkọ́?"

"Márùndínláàádóje nìyẹn, sà. Ṣùgbọ́n..."

"Fi ṣùgbọ́n sílẹ̀ jàre. Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi ta jẹnẹrétọ̀, mi ò tíì rí ẹni tó ń ra wáàtì kékeré nígbà tí ńlá wà nílẹ̀. Àbí torí pé Àpòmù la wà lo ṣe fẹ́ fi kékeré tàn wá?"

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Àwọn àgbààgbà onífìlà, wọ́n ń na ìka sí mi.

Ẹ rí ohun tí ọkùnrin náà ń ṣe? Wáàtì tí wọ́n kọ sára jẹnẹrétọ̀, iná tó lè fún èèyàn ni. Wáàtì tí wọ́n kọ sára purosẹ́sọ̀, iná tó máa jẹ ni. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ká ní mo sọ ọ́ báyìí fún Alhaji lọ́jọ́ náà, á yé e, torí èèyàn tó mọ̀ nípa iná ni. Ṣùgbọ́n ó ti sọ mí di oní-gílóòbù lójú gbogbo èèyàn, inú sì ń bí mi. Ta ni mo fẹ́ máa ṣàlàyé fún? Àwọn wọ̀nyí? Mo ní, "Ó dáa bẹ́ẹ̀, Alhaji. Èyí tó wù yín náà ni màá fi to kọ̀ǹpútà yín."

Mo tò ó lóòótọ́. Kí n má parọ́, mo ń súfèé bí mo ṣe ń tò ó. Ọjọ́ tí mo gbé e dé Àpòmù, Alhaji fọwọ́ pa á lára, ó bi mí pé, "Ṣé ó máa ṣiṣẹ́ dáadáa?" Mo ní á ṣiṣẹ́ dáadáa. Irọ́ kọ́. Bí NẸ́PÀ bá mú iná wá, kò sí ohun tí kò lè ṣe. Lórí sólà ni kò ní lọ jìnnà. Tí wọ́n bá gbé iṣẹ́ gidi fún un, bátìrì yẹn ò lè gbé e ju ogójì ìṣẹ́jú lọ. Mo mọ̀. Mo ju èyí kékeré sínú dúrọ́ọ̀ mi, mo bẹ̀rẹ̀ sí í retí ọjọ́ tí Alhaji máa ṣí fìlà wá bẹ̀ mí.

Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ẹni tó bá ti wọ ṣọ́ọ̀bù mi ni mo ń sọ̀tàn oní-jẹnẹrétọ̀ fún. Ní Sátidé kan, Qaosarat, ọmọ Nimotallahi, wá kí mi. Ọmọ tó gbọ́n ni, kò sì lọ́rọ̀ púpọ̀ lẹ́nu. Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Bọ̀dá mi, mo ti ń lo kọ̀ǹpútà yàrá ìkàwé wa o. Ó dáa gan-an."

Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. "Ó dáa? Kí lẹ̀yin ará Àpòmù mọ̀ nípa kọ̀ǹpútà?"

Ó dà bí ẹni pé ó ṣì fẹ́ bi mí ní nǹkan kan. Mo ṣì ń rẹ́rìn-ín lọ. Ó ní òun ń lọ sílé.

Lọ́jọ́ Túsìdeè tó tẹ̀ lé e, aago mẹ́ta kọjá díẹ̀ nígbà tí Nimotallahi pè mí. Ó ń ké lórí fóònù. "Ìsmáílà, iná ti kú mọ́ Qaosarat lọ́wọ́ o! Ó ń ṣe ìdánwò lọ́wọ́!"

Ìdánwò wo? Ìgbà yẹn ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́. Ìdánwò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ni, tó máa fi lọ kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Wákàtí méjì gbáko, lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Kọ̀ǹpútà tí wọ́n bá fi forúkọ sílẹ̀ náà ni wọ́n gbọ́dọ̀ fi ṣe é, ẹni tó bá sì ti já kúrò lórí ẹ̀ kò lè wọlé mọ́.

Mo ki purosẹ́sọ̀ kékeré bọ àpò, mo gun máṣíìnì mi, ó di Àpòmù. Ẹ mọ ohun tí mò ń rò lọ́nà? Mò ń to èébú. Ọ̀rọ̀ tí màá kọ́kọ́ sọ sí Alhaji, èyí tó máa tẹ̀ lé e, gbogbo ẹ̀ ni mo ti kó sẹ́nu.

Láti òkèèrè ni mo ti ń gbọ́ ariwo jẹnẹrétọ̀. Alhaji ti fọwọ́ ara ẹ̀ wọ́ tirẹ̀ wá láti ilé, bàbá àádọ́rin ọdún, ó sì fa okùn rẹ̀ títí ó fi ṣiṣẹ́. Iná ti dé, kọ̀ǹpútà ti tàn. Ohun tó wà lójú ẹ̀ ni pé ìdánwò ti parí. Qaosarat jókòó síwájú ẹ̀, ó gbé ọwọ́ lé itan.

Alhaji kò tiẹ̀ wò mí. Fìlà rẹ̀ ti wà lọ́wọ́ rẹ̀, bí mo ṣe fẹ́ kó rí gan-an, ṣùgbọ́n ọmọ náà ló ń bẹ̀. "Ọmọ mi, forí jì mí. Bọ̀dá ẹ sọ fún mi pé kí n mú kékeré, èmi ni mi ò gbọ́. Èmi ni mo bà á jẹ́."

Mo ti purosẹ́sọ̀ kékeré wọ ìsàlẹ̀ àpò mi.

Qaosarat gbójú sókè. Kò sunkún. "Bọ̀dá mi, ṣé ẹ mọ̀ pé bátìrì ò ní gbé e?"

"Mo sọ fún Alhaji pé..."

"Nígbà tí ẹ̀ ń tò ó ni mò ń bi yín. Ṣé ẹ mọ̀?"

Alhaji náà wá yíjú sí mi.

Mo ní, "Mo mọ̀."

"Ohun tí mo fẹ́ bi yín lọ́jọ́ Sátidé nìyẹn, bóyá á lè tó wákàtí méjì. Ẹ̀ ń fi mí rẹ́rìn-ín ni."

Ó kó ìwé rẹ̀ sínú báàgì. Ó kúnlẹ̀ fún Alhaji, ó ní wọ́n ṣeun tí wọ́n gbìyànjú. Ó dìde, ó gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá, kò kí mi.